Orúkọ Tí Kò Ní Orílẹ̀: Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Nínú àṣà ìsọmọlórúkọ wa, orúkọ kan ṣoṣo kì í tó ọmọ. Bí ọmọ bá bá àmì wáyé, yóò ní orúkọ àmútọ̀runwá. Bàbá àti ìyá yóò sọ ọ́ ní orúkọ àbísọ gẹ́gẹ́ bí ipò tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n bí i. Ìyá àgbà yóò fi oríkì pè é. Bí ó bá sì dàgbà tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ará àdúgbò lè fún un ní àlàjẹ́ tí ìwà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, ohun kan ṣì kù tí kì í ṣe ti ọmọ náà nìkan, ìyẹn ni orílẹ̀ rẹ̀. Orílẹ̀ ni a fi ń mọ ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀, àwọn tí yóò jáde bí ó bá kú, àti àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bá a wí bí ó bá ṣìwà hù. Ẹni tí a bi ní orílẹ̀ rẹ̀ tí kò rí nǹkan sọ, àlejò ni, ì báà jẹ́ olówó.

Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ lò fún ohun kan tí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti àṣà Yorùbá kì í sábà kà kún àṣà, èyí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. A ti kọ̀wé lórí ìjálá, lórí ẹ̀sà egúngún, lórí rárà àti ẹkún ìyàwó, a sì ti tẹ̀lé àwọn akéwì dé ilé iṣẹ́ rédíò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fi ohùn kan náà ké ní pápá ìṣeré ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, bí ariwo lásán ni a ṣe ń gbà á. N kò rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ti ń pe nǹkan ní “tiwa”, iṣẹ́ wa dé ibẹ̀ nìyẹn, pàápàá bí nǹkan náà kì í bá ṣe tiwọn ní ti gidi.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Agége wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù MFM já kúrò ní ìpele tí ó ga jù lọ nínú líìgì ilẹ̀ wa. Ọdún márùn-ún péré ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ṣe ipò kejì ní gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n sì gba àǹfààní láti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Áfíríkà figagbága. Pápá ìṣeré Agége ni ilé wọn. Bí a bá béèrè pé ta ni àdánù yìí bá, ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn bí ó ti yẹ kí ó rí. Ṣé ìjọ tí ó dá wọn sílẹ̀ ni, tí olú rẹ̀ wà ní Yábàá? Ṣé àwọn ará Agége tí wọ́n ń lọ há ohùn nítorí wọn ni? Àbí àwọn ọmọdékùnrin tí owó oṣù wọn wà nínú rẹ̀? Ó jọ pé ìlú kan lè pàdánù ohun tí kò ní. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nìyí.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó dé, Agége ti ní ìtàn. Níbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ọmọ Èkó bíi J. K. Coker ti Ìfàkọ̀ gbé gbin kòkó àti obì; wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Agege Planters’ Union sílẹ̀ ní 1907. Ojú irin tí ó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ló ń gbé obì lọ sí òkè Ọya, obì náà ló sì mú kí àwọn Hausa oníṣòwò wá tẹ̀dó sí Agége. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gé ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà kò tíì bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ dé láti ibi gbogbo. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Dunlop ń ṣe táyà, Cadbury wà ní Agídíngbí, Nigerian Textile Mills ń hunṣọ. Ìkẹjà ni àwọn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Agége, Ìfàkọ̀ àti Ògbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn. (Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ilé ìwé pé gégékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nípa Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni “Ìkẹjà”. Irọ́ ni. Orúkọ Àwórì ni, ó sì ti wà kí òyìnbó tó mú ìwé ìjọba dé. Ṣùgbọ́n irọ́ náà bá àdúgbò náà mu. Níbi tí lẹ́tà orúkọ ilé iṣẹ́ ti kún ojú pópó, ó rọrùn láti gbà pé ìlú pàápàá lẹ́tà ni.)

Bí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa àtijọ́ ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ wo àwọn tí wọ́n gba ife Challenge Cup ní ayé ọjọ́un. Railway ti Èkó gbà á léraléra. ECN, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, gbà á ní 1960, 1965 àti 1970. WNDC ti Ìbàdàn gbà á ní 1971. Ibi iṣẹ́ ni orúkọ wọn. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà. Ó ń tún rélùwéè ṣe ní òwúrọ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, láti inú àpò kan náà ni wọ́n sì ti ń san owó rẹ̀. Òtítọ́ ni orúkọ náà ń sọ. Orúkọ àbísọ gan-an ni, ó sọ ipò tí àwọn òbí wà nígbà tí wọ́n bí ọmọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ju orúkọ àbísọ rẹ̀ lọ. Ní 1958 ni Olóyè Israel Adébàjọ́, oníṣòwò ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, dá Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó. Bí a bá fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ yìí, ó lè pa ni lẹ́rìn-ín: ìsọ̀ tí a ti ń ta bébà! Ta ni yóò ké fún ìsọ̀ bébà? Èkó ké fún un. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1967 àti 1968. Nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò ní 1968, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ Stores ni, ikọ̀ yẹn ló sì bá Bràsíl ta ọ̀mì, mẹ́ta sí mẹ́ta. Láàrin àwọn òǹwòran, àlàjẹ́ kan jáde tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí orúkọ àbísọ: Adebajo Babes.

Àlàjẹ́ yìí tọ́ sí àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èrò Yorùbá ló wà nínú rẹ̀: ọmọ Adébàjọ́. Kì í ṣe ọmọ bíbí. Irú ọmọ tí àwọn ọmọ ogun Ìbíkúnlé tàbí ti Látòósà jẹ́ ní Ìbàdàn ìgbà ogun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá gbọ́njú mọ agbára ara rẹ̀ yóò fi ìlú bàbá rẹ̀ sílẹ̀, yóò wọ agbo ilé baba ogun kan, yóò máa jẹun níbẹ̀, yóò sì máa jagun lábẹ́ àsíá rẹ̀. Bí baba ogun bá borí, ògo kan gbogbo agbo ilé. Bí ó bá ṣubú, kálukú yóò wá agbo ilé mìíràn lọ. Ọ̀nà tí a gbà kó àwọn akíkanjú jọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a tún gbà kó agbábọ́ọ̀lù jọ ní ogún ọdún lẹ́yìn ogun Hitler, n kò sì rò pé ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà náà.

Ní 1969, Adébàjọ́ kú. Bí ó bá jẹ́ pé agbo ilé baba ogun lásán ni Stores, ibẹ̀ ni ìtàn ìbá parí sí. Kò parí. Wọ́n dé ìparí ìdíje Cup Winners’ ti ilẹ̀ Áfíríkà ní 1981, Union Douala ti Kamẹrúùnù ló borí wọn. Wọ́n tún gba Challenge Cup ní 1982. Haruna Ilerika, tí àwọn àgbà òǹwòran Èkó kò tíì gbàgbé, wọ aṣọ wọn. Peter Rufai, tí ó padà di aṣọ́lé Super Eagles, náà wọ̀ ọ́. Wọ́n gba líìgì ní 1992. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ikú bàbá, ọmọ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí ni ó gbé e ró? Lójú tèmi, àwọn tí kò ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ni: àwọn tí ń bẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Múṣin, ní Agége, tí wọ́n gba àlàjẹ́ náà sẹ́nu tí wọn kò sì jẹ́ kí ó bọ́. Ẹnu wọn ni ilé tí ẹgbẹ́ náà ń gbé.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn líìgì 1992 tí wọ́n fi já, tí awuyewuye sì dìde lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́. Ohun tí ó dun ni nìyí. Nínú irú awuyewuye bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń ké kì í ní ìjókòó. Ogún ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lójú òfin, bí ilé, bí ọkọ̀, bí oko kòkó. Ogún a máa pín. Ẹni tí ó sì fẹ́ràn oko kòkó ẹlòmíràn kì í bá wọn pín in, ì báà ti ogún ọdún kí ó máa kí olóko pé ó kú iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn eré orí ìtàgé wa kò ní ṣe ìyanu. Ògúǹdé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀: orúkọ ọ̀gá ni àwọn ènìyàn ń pe ẹgbẹ́. Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Ládiípọ̀ ní 1978, Ògúǹdé ní 1990. Eré wọn kò kú, ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú ẹgbẹ́ wọn tí ó tún rí bí ó ti rí. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń di ẹ̀bi èyí ru ìmọtara-ẹni-nìkan àwọn ọ̀gá. N kò fara mọ́ ọn. Ọ̀gá ni ó ra ọkọ̀, òun ni ó yá owó, òun ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbẹ́sẹ̀ lé eré rẹ̀ ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú. Ẹni tí ó ru ẹrù ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ẹrù lọ́rùn. Àléébù náà wà níbòmíràn. A kò kọ́ ilé kankan sí àárín ọ̀gá àti òǹwòran, ilé tí yóò gba ẹrù náà kalẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ ọ̀gá.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé Adébàjọ́ tilẹ̀ yára ju ikú lọ. Leventis United ní Ìbàdàn gba líìgì ní 1984, wọ́n tún gbà á ní 1986. Ní 1987 ilé iṣẹ́ náà sọ pé ó tó, ó sì tó. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ìkẹjà ni ìwé ìròyìn Concord tí ó jẹ́ ti olówó wọn ti ń jáde, nítorí náà owó àdúgbò wa kò ṣàì dé ibẹ̀. Julius Berger gba líìgì ní 1991 àti 2000, Sunday Oliseh àti Emmanuel Amunike gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Lẹ́yìn náà orúkọ ilé iṣẹ́ kúrò lára ẹgbẹ́, wọ́n ń pè é ní Bridge. N kò tíì bá ẹni tí ó ń sunkún fún Bridge pàdé.

Ẹgbẹ́ kan wà tí irú rẹ̀ yàtọ̀, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀, nítorí pé láti inú irú àpò kan náà ni ó ti jáde. WNDC tí mo dárúkọ lókè, ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ni ó ni ẹgbẹ́ tí a wá ń pè ní IICC Shooting Stars, tí ó di Shooting Stars lásán nígbẹ̀yìn. Lábẹ́ orúkọ IICC ni wọ́n gba ife Cup Winners’ ní 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ ni WNDC, lẹ́tà ilé iṣẹ́ ni IICC. Ṣùgbọ́n àlàjẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kankan. Wọ́n ń pè wọ́n ní Oluyole Warriors, àwọn ọmọ ogun Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run tí ó jẹ́ olórí Ìbàdàn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ kíyè sí i. Baba ogun tí wọ́n so ẹgbẹ́ náà mọ́ ti kú fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Kò lè dáwọ́ owó dúró. Kò lè bínú. Orílẹ̀ ni Olúyọ̀lé ti dà fún Ìbàdàn, kì í ṣe olówó. Nígbà tí Shooting Stars já ní 2017, ìtìjú náà kan ìlú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò lè sọ pé ó ti sú òun, nítorí pé àwọn olùdìbò wà lórí ìjókòó òǹwòran. Wọ́n padà sókè ní 2021. N kò sọ pé ìjọba ni alágbàtọ́ tí ó dára jù. Ẹni tí ó bá mọ bí owó oṣù agbábọ́ọ̀lù ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ ìjọba kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àlàjẹ́ Adébàjọ́ tọ́ka sí ènìyàn, àlàjẹ́ Olúyọ̀lé tọ́ka sí ìlú.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí a padà sí Agége. Ìjọ Orí Òkè Iná àti Iṣẹ́ Ìyanu dá ẹgbẹ́ MFM sílẹ̀ ní 2007, láti fi kó àwọn ọ̀dọ́ kúrò ní ìgboro. Wọ́n gòkè wọ ìpele àkọ́kọ́ ní ìparí 2015. Àlàjẹ́ wọn? Olukoya Boys, orúkọ olùdásílẹ̀ ìjọ. A tún padà sí agbo ilé baba ogun, àyàfi pé “Babes” ti di “Boys”, tí oníṣòwò sì ti di olùṣọ́-àgùntàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ni pápá tí wọ́n ń lò. Pápá kékeré ni, koríko àtọwọ́dá ni ó wà nílẹ̀ rẹ̀, ìjókòó òǹwòran sì sún mọ́ ìlà débi pé ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé lè gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú u. Ilé ló yí i ká. Kò sí ibi tí ariwo lè sá lọ.

Níbẹ̀ ni ohun tí ó wú mi lórí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Agége jẹ́ ìlú tí ìmọ́lẹ̀ mọ́sálásí rẹ̀ kì í kú, láti ìgbà tí obì ti mú Hausa àti Yorùbá Mùsùlùmí pàdé níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ìjọ kan tí a mọ̀ sí àdúrà gbígbóná, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìwàásù, wá ń gbá bọ́ọ̀lù láàrin wọn, àwọn ará àdúgbò sì wọlé lọ, wọ́n ké fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, Sikiru Olatunbosun gbá góòlù kan wọlé Rangers ti Enugu ní pápá yìí tí àwọn òǹwòran CNN fi dìbò yàn án ní góòlù tí ó dára jù lọ ní ọ̀sẹ̀ náà. N kò mọ ohun tí ọmọkùnrin náà gbàgbọ́, kò sì kàn mí, ṣùgbọ́n mo mọ inú irú ìdílé tí a ti ń bá orúkọ Sikiru pàdé. Sikiru ń sáré lọ sí igun pápá nínú aṣọ Orí Òkè Iná, Agége sì ń ké. Ìwàásù wo lórí ìfaradà ni ó ju ìyẹn lọ? Ní ọdún kan náà, Stephen Odey, tí góòlù pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lọ sí FC Zürich. Fidelis Ilechukwu, olùkọ́ni wọn, mú wọn dé ipò kejì lẹ́yìn Plateau United. Ní 2018, wọ́n la Real Bamako ti Málì kọjá nínú Champions League ti ilẹ̀ Áfíríkà kí MC Alger ti Àlgéríà tó dá wọn dúró.

Nítorí náà kì í ṣe pé Agége kọ̀ wọ́n. Agége gbà wọ́n ju bí wọ́n ti retí lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan tí gbígbà yẹn lè gbà di ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́fà kò ní ìbò. Kò sí orúkọ Agége lára aṣọ, kò sí Agége nínú àlàjẹ́. Àlejò tí ó dára ni MFM jẹ́, a sì mọ bí a ti ń ṣe àlejò: a ń bọ́ ọ, a ń yẹ́ ẹ sí, bí ó bá sì di ẹrù rẹ̀, a ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣé ibi gbogbo tí ilé iṣẹ́ àti ojú irin ti pàdé ni ó rí báyìí? Mo mẹ́nu ba Bràsíl lókè nítorí ọ̀mì 1968. Èkó sì ti mọ Bràsíl tipẹ́ nípasẹ̀ àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wálé. Ní ẹ̀yìn ìlú Rio de Janeiro, ní apá ìwọ̀ oòrùn, àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Bangu. Ẹni tí ó bá mọ Agége yóò mọ̀ ọ́n lójú: ojú irin kọ́kọ́ dé, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tẹ̀lé e ní nǹkan bí 1893, ilé àwọn òṣìṣẹ́ sì yí i ká. Àwọn òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1904. Companhia Progresso Industrial ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, Progresso ni ẹgbẹ́ náà ìbá máa jẹ́. Bangu ni wọ́n sọ ọ́.

Àwọn tí ń hunṣọ wọ ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Ní 1905, Francisco Carregal, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ náà, gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ eré ọmọ olówó aláwọ̀ funfun ní Rio. Nígbà tí àjọ líìgì wọn fi òfin lélẹ̀ ní 1907 pé kí a má ṣe gba ènìyàn aláwọ̀ dúdú, Bangu fi líìgì sílẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní orílẹ̀: ìgbà tí ẹgbẹ́ bá mọ ẹni tí òun kò gbọdọ̀ tà. Wọ́n gba ife Rio ní 1933, wọ́n tún gbà á ní 1966. Orúkọ tí wọ́n fún pápá ìṣeré wọn ní ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pápá àwọn òṣìṣẹ́ nínú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹgbẹ́ mímọ́ ni mo ń júwe. Baba ogun wà ní Bangu náà. Castor de Andrade, tí owó tẹ́tẹ́ àìbófinmu sọ di ọlọ́lá, bọ́ ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún; lásìkò rẹ̀ ni wọ́n ṣe ipò kejì ní gbogbo Bràsíl ní 1985, tí Coritiba fi pẹnáritì borí wọn. Ó kú ní 1997. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ náà ti kógbá sílé. Láti 2007 ni wọ́n ti sọ ilé rẹ̀ di ilé ìtajà ńlá. Olówó kú, ilé iṣẹ́ kú. Ẹgbẹ́ náà rẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Bangu ṣì ń jẹ́ Bangu, nítorí pé àdúgbò kì í kógbá sílé. Ó sì ní ìwé tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ẹgbẹ́ Bràsíl, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń dìbò yan ààrẹ.

Ọ̀dọ́ Agége kan lè ko mí lójú níbí pé: Bàbá, Arsenal ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Agége ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé “a gbá wọn”, “wọ́n gbá wa”, nípa ẹgbẹ́ tí wọn kò dé ìlú rẹ̀ rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich ni wọ́n dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886. Wọ́n kó kúrò níbẹ̀ lọ sí àríwá London ní 1913, wọ́n sọ orúkọ Woolwich nù, wọ́n sì pa orúkọ ilé ìbọn mọ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ láìní ìlú, ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ! Ọmọ Agége ń gbé orúkọ ilé ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, nígbà tí ilé iṣẹ́ táyà tí bàbá rẹ̀ bóyá ti ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2008 láìfi orin kankan sílẹ̀.

Mo gbà pé Arsenal fi hàn pé orúkọ nìkan kọ́ ni orílẹ̀. Ṣùgbọ́n pápá kan ṣoṣo, Highbury, ni wọ́n lò láti 1913 títí di 2006. Ọmọ rí ibi tí bàbá jókòó sí, òun náà sì jókòó síbẹ̀. Ohun tí Woolwich pàdánù, Highbury rí i gbà. Ẹgbẹ́ lè ní orílẹ̀ nípa orúkọ, ó lè ní in nípa ilẹ̀ tí ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó sì lè ní in nípa ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Ó kéré tán, kí ó ní ọ̀kan. MFM ní Agége kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Stores ní ẹnu àwọn ènìyàn nìkan, ẹnu sì ṣe gudugudu méje kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Ayé náà ń yí padà o. Láti 2021 ni òfin Bràsíl ti gba àwọn ẹgbẹ́ láyè láti di ilé iṣẹ́ aládàáni. Ẹgbẹ́ Bahia ní Salvador, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé fi Ọ̀ṣun àti Ṣàngó lélẹ̀, ta ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn olówó Manchester City. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tà á, ní oṣù Kejìlá 2022, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò lórí rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. A lè sọ pé wọ́n gba owó. A kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni tà wọ́n lẹ́yìn.

Ní ìtòsí wa, ohun kan ti bẹ̀rẹ̀ tí ó yẹ kí a máa ṣọ́. Ní 2004, Kúnlé Ṣónámẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì sọ ọ́ ní FC Dender, orúkọ ẹgbẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 2010, wọ́n gbé e kọjá sí ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Remo Stars, ó sì fi Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ilé. Ní 2025 wọ́n gba líìgì Nàìjíríà. Láti Dender dé Rẹ́mọ! Inú onímọ̀ èdè dùn sí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ olówó kan ṣoṣo ló ṣì ń bọ́ ọ, ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kò sì sí lọ́wọ́ ará Rẹ́mọ. Ìkòròdú náà ti ní ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́ láti 2024. Agége ní pápá tí ń jẹ́ Agége. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá wá béèrè fún un lọ́wọ́ ìjọba, n kò rò pé ó pọ̀ jù kí àwọn ará ìlú béèrè tiwọn ṣáájú kí ilẹ̀kùn tó ṣí: kí orúkọ ìlú wà lára aṣọ, kí ẹni tí ó bá san iye kan lọ́dọọdún ní ìbò, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí onígbọ̀wọ́ bá lọ, orúkọ àti àwọ̀ aṣọ yóò kù sí Agége.